Agolo èédú tí wọ́n yọ dànù nígbà kan ti di ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe l'Amẹ́ríkà

Láàárín 1970 sí 1972, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo dúdú kan tí èédú kún inú rẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ náà kò rí ìwúlò agolo ọ̀hún. Àwọn kan yọ ọ́ sọnù, wọ́n gé róbà tó so mọ́ ọn, wọ́n sì fi bọ́ọ̀tì dí ojú róbà náà pa. Lójú wọn, ẹrù tí ìjọba dì lé wọn lórí ni.

Lónìí, nǹkan ti yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde ní fákítọ̀rì ń wá agolo yẹn kiri. Ẹni tó ní in ń rí owó, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe náà ń rí owó. Iṣẹ́ kékeré ni, àmọ́ ó kún fún ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, tó ń ta sípéapáàtì, tàbí tó ń wá iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíì kò kà sí.

Ọkọ̀ wo gan-an ni?

Ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car ni ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò tóbi jù, tó sábà máa ń ní ilẹ̀kùn méjì, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ńlá onísìlíńdà 8 sí nínú. Pontiac GTO tó jáde fún ọdún 1964 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́kọ́ nínú wọn. Chevrolet Chevelle SS, Dodge Charger, Plymouth Road Runner àti Oldsmobile 442 náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ní 1970, Chevrolet ta Chevelle SS tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti ẹṣin 450.

Kò pẹ́ tí ọjà náà fi rọlẹ̀. Owó ìnṣọ́ránsì lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́n, òfin lórí èéfín ń le sí i, nígbà tí epo sì tún wọ́n gógó ní 1973, àwọn tó ń rà á dín kù. Àmọ́ àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn ti dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lówó lọ́wọ́, wọ́n sì ń ra ọkọ̀ ìgbà èwe wọn padà. Àwọn ọkọ̀ yìí máa ń wà lórí pèpéle níbi gbàǹjo ńlá bíi ti Barrett-Jackson tó máa ń wáyé ní Scottsdale, ní ìpínlẹ̀ Arizona.

Ohun tí ẹni tó fẹ́ san owó gọbọi máa ń béèrè ni pé: ṣé gbogbo ohun tó bá ọkọ̀ yìí jáde ní fákítọ̀rì ló ṣì wà lára rẹ̀? Ibẹ̀ ni agolo èédú ti wọ ọ̀rọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ọkọ̀ Chevrolet ti 1970 tí wọ́n ṣe fún ìpínlẹ̀ California ní àmì NA9 nínú ìwé rẹ̀. Ìtumọ̀ àmì yìí ni pé wọ́n fi ohun èlò tó ń gba ooru epo sí i. Bí ìwé bá ní NA9, tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọn kò bá agolo níbẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnìkan ti yọ nǹkan kúrò. Ọ̀rọ̀ iye owó sì ti yí padà nìyẹn.

Ibi tí òfin ti wá

Ìlú Los Angeles ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1940 ni kùrukùru kan ti máa ń bo ìlú náà, tó ń ta èèyàn lójú, tó sì ń mú wọn húkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísírì tí wọ́n bí ní Netherlands, tó ń ṣiṣẹ́ ní California Institute of Technology, fi hàn pé ohun tó ń jáde lára mọ́tò àti lára epo ló ń pàdé oòrùn, tó sì ń di kùrukùru náà.

Èéfín tó ń gba sàlẹ́ńsà jáde nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Epo bẹntiróòlù kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí èèyàn bá dà á sínú abọ́ tí kò sì dé e, kó tó pẹ́ yóò ti dín, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò mu nínú rẹ̀. Ó ti di ooru, ó ti fò lọ. Nínú mọ́tò ayé àtijọ́, tánkì ní ihò lójú ìdérí rẹ̀, kábúrétọ̀ náà ní ihò tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú ọkọ̀ níbi tó dúró sí, epo á máa gba ojú ihò wọ̀nyí jáde. Ṣáájú òfin, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lára epo tí kò jó tí mọ́tò ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń gba ọ̀nà yìí lọ.

California ló kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tuntun ti ọdún 1970 ní ohun tí yóò máa gba ooru náà. Nígbà tó di ti ọkọ̀ 1971, ó di dandan káàkiri Amẹ́ríkà.

Bí agolo náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọ́n dí ihò ojú ìdérí tánkì. Dípò rẹ̀, wọ́n fa páìpù láti òkè tánkì wá sí iwájú ọkọ̀. Nítòsí tánkì, wọ́n fi ohun kan sáàárín tó ń ya epo tó jẹ́ omi kúrò lára ooru, kí epo tútù lè ṣàn padà sí tánkì, kí ooru nìkan sì kọjá. Ooru yìí ló ń wọ inú agolo èédú.

Èédú inú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń sun àgbàdo. Igi tàbí èèpo àgbọn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, tí wọ́n á sì fi iná tó le gan-an yan án títí ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí yóò fi pọ̀ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá lè tẹ́ ògiri gbogbo ihò tó wà lára gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀, ó lè tó púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ògiri wẹ́wẹ́ yìí ni ooru epo máa ń lẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n èédú lè kún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi so agolo mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa afẹ́fẹ́ bí ọmọdé ṣe ń fi sítíróò fa mínírà. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́ tútù gba ìdí agolo wọlé, afẹ́fẹ́ náà á gbá ooru epo kúrò lára èédú, á gbé e lọ sínú ẹ́ńjìnnì, á sì jó níbẹ̀. Fáàfù kékeré kan lórí agolo ló ń pinnu ìgbà tí ọ̀nà yóò ṣí. Nítorí náà, epo tí ìbá fò lọ lójú oòrùn ti padà di agbára tí ọkọ̀ fi ń rìn.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọgbọ́n tirẹ̀. Chrysler kò kọ́kọ́ lo agolo. Inú ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì máa ń wà, ni wọ́n ń darí ooru náà sí ní 1970 àti 1971, kí wọ́n tó bọ́ sí agolo èédú ní 1972. Mẹkáníìkì tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè máa wá agolo lára ọkọ̀ tí kò ní in rí, tàbí kó ta agolo fún oníbàárà tí kò nílò rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó yọ agolo náà gbà pé òun ló ń jẹ agbára ọkọ̀ àwọn. Òótọ́ ni pé agbára ọkọ̀ dín kù ní àsìkò yẹn, àmọ́ agolo kọ́ ló fà á. Ní 1971, General Motors dín bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kù, kí wọ́n lè lo epo tí kò ní òjé. Ní 1972, àwọn ilé iṣẹ́ yí bí wọ́n ṣe ń ka agbára ẹ́ńjìnnì padà: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, nítorí náà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú ìwé já wálẹ̀ kódà níbi tí ẹ́ńjìnnì kò ti yí padà. Àwọn èèyàn rí nọ́ńbà tó já wálẹ̀, wọ́n rí agolo tuntun, wọ́n sì dá agolo lẹ́bi.

Agolo tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ohun tí wọ́n máa ń rí ni òórùn epo nínú gáréèjì, àti epo tí wọ́n fi owó ara wọn rà tó ń fò lọ lọ́sàn-án gangan.

Àmì tí oníbàárà máa ń mú wá

Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń gbé irú ọkọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Èkíní ni òórùn epo nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Róbà tó ti gbó ló sábà máa ń fà á. Epo tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà lónìí sábà máa ń ní ẹtanọ́ọ̀lù nínú, tó lè tó ìdá mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe róbà àwọn ọdún 1970 fún irú epo bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rọ̀, ó máa ń sán.

Èkejì ni ẹ́ńjìnnì tí kì í dúró dáadáa bí ọkọ̀ kò bá tí ì rìn. Bí awọ róbà inú fáàfù orí agolo bá ti ya, tàbí tí fáàfù náà kò bá padé mọ́, afẹ́fẹ́ tí kò yẹ kó wọlé á máa wọlé. Ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, oníbàárà á sì rò pé kábúrétọ̀ ló bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìdérí tánkì tó ń súfèé bí wọ́n bá ṣí i, tàbí ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, tó sì tún ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ṣí ìdérí náà. Páìpù ooru ti dí, tàbí kí ẹnìkan ti fi ìdérí tí kò bá ọkọ̀ mu sí i. Bí pọ́ọ̀ǹbù ṣe ń fa epo jáde, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé, nítorí náà epo kò ní lè wá mọ́. Tánkì mìíràn tilẹ̀ lè rún wọ inú.

Ẹ̀kẹrin ni èédú wẹ́wẹ́ nínú kábúrétọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tó di èédú mú nínú agolo ti fọ́. Bí wọ́n bá fọ kábúrétọ̀ nìkan, tí wọn kò wo agolo, iṣẹ́ náà á padà wá láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bí àtúnṣe ṣe ń lọ

Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ látorí agolo. Ìwé ló kọ́kọ́ máa ń wò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àsìkò náà ní ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó ń fi hàn bí róbà kọ̀ọ̀kan ṣe so. Bí ìyẹn bá ti ya, ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ fún ọdún ọkọ̀ náà gan-an ni yóò lò. Ti ọdún tó tẹ̀ lé e lè yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, á ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkankan. Á fi téèpù kọ nọ́ńbà sára róbà kọ̀ọ̀kan, á sì máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Róbà tó bá fi rọ́pò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún epo. Èyí tí wọ́n kọ SAE 30R7 sí lára bá iṣẹ́ yìí mu. Róbà lásán tí wọ́n ń lò fún omi tàbí fún afẹ́fẹ́ kò lè pẹ́ níbẹ̀.

Ó kan ìdérí tánkì. Ọkọ̀ tó ní agolo kì í lo irú ìdérí tó ní ihò gbayawu. Tirẹ̀ máa ń padé, àfi bí agbára inú tánkì bá pọ̀ jù tàbí tó bá kéré jù. Bí róbà abẹ́ rẹ̀ bá ti gan tàbí tó sán, ìdérí tuntun tó bá ọdún ọkọ̀ mu ló kù. Nígbà mìíràn, gbogbo àìsàn ọkọ̀ náà kò ju èyí lọ.

Fún fáàfù orí agolo, pọ́ọ̀ǹbù kékeré aláfọwọ́fà tó ní géèjì ni wọ́n fi ń dán an wò. Wọ́n á fi fa afẹ́fẹ́ lára fáàfù, wọ́n á sì wo géèjì. Bí ọwọ́ géèjì bá dúró, awọ inú rẹ̀ ṣì dára. Bí ó bá ń padà sẹ́yìn, ó ti ya.

Agolo fúnra rẹ̀ ló wá kàn. Ọ̀pọ̀ nínú ti General Motors ní fíltà pẹlẹbẹ lábẹ́, tí wọ́n lè fi ọwọ́ yọ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agolo tó ti lé ní 50 ọdún ló ṣì wà pẹ̀lú fíltà tó bá a jáde. Bí fíltà bá dí, afẹ́fẹ́ tútù kò lè wọlé, èédú á sì kún títí lọ. Bí agolo bá wúwo jù, tí epo sì ń kán lára rẹ̀, ó ti mu epo tútù yó. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ìdí tí epo tútù fi dé ibẹ̀ kí wọ́n tó fi òmíràn síbẹ̀.

Bí oníbàárà bá fẹ́ kí agolo ti fákítọ̀rì dúró, àwọn kan wà tó máa ń fara balẹ̀ gé ìdí rẹ̀, tí wọ́n á da èédú àtijọ́ jáde, tí wọ́n á fi irú èédú tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí kún un, tí wọ́n á sì tún un lẹ̀ padà. Ojú agolo á ṣì jẹ́ ti àtijọ́, inú rẹ̀ á jẹ́ tuntun. Iṣẹ́ sùúrù ni, ìdí nìyẹn tí owó fi wà níbẹ̀.

Páìpù irin tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ló kẹ́yìn. Wọ́n á tú u ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n tó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gba inú rẹ̀ láìtú u lára tánkì ń wá wàhálà.

Ibi tí owó wà

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó ń gbà wọlé nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ń ta ẹ̀dà tuntun tí wọ́n ṣe bíi ti àtijọ́. Àwọn kan ń tú ọkọ̀ tó ti kú, wọ́n sì ń ta ojúlówó agolo, fáàfù àti ìdérí rẹ̀. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù: ẹni tó ti kó irú nǹkan wọ̀nyí pa mọ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíì ń jù ú nù ni oníbàárà ń wá kiri báyìí. Àwọn kẹta ni àwọn mẹkáníìkì.

Fún mẹkáníìkì, àyẹ̀wò ni owó rẹ̀ wà, kì í ṣe orí ọjà tó tà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò; iye tó wà níhìn-ín kì í ṣe iye ọjà. Ká ní mẹkáníìkì méjì ń gba 100 dọ́là fún wákàtí kan. Oníbàárà kan ń gbóòórùn epo nínú gáréèjì rẹ̀.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò yẹ nǹkankan wò. Ó ra agolo ní 110 dọ́là, ó tà á ní 150, ó sì fi wákàtí kan dè é. Èrè rẹ̀ jẹ́ 140 dọ́là. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ náà padà dé, òórùn kò lọ. Ó fi wákàtí 3 wá ohun tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kó tó rí i pé ìdérí tánkì àti róbà méjì ni. Iṣẹ́ 300 dọ́là ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Dípò èrè, ó ti pàdánù 160 dọ́là, oníbàárà náà kò sì ní júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mẹkáníìkì kejì sọ fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun yóò gba owó àyẹ̀wò wákàtí kan. Ó rí ìdérí àti róbà tó bàjẹ́, ó fi wákàtí 2 tún un ṣe, ó sì jèrè 15 dọ́là lórí ohun tó rà. Owó tó wọlé fún un jẹ́ 315 dọ́là, ọkọ̀ kò sì padà wá. Agolo kò tilẹ̀ bàjẹ́.

Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kì í ṣe irinṣẹ́. Ìkejì ta ìmọ̀ rẹ̀ kó tó ta ọjà.

Òfin ń bẹ, iná náà ń bẹ

Àwọn oníbàárà kan ṣì máa ń ní kí mẹkáníìkì bá àwọn yọ agolo náà dànù pátápátá. Owó náà lè dà bíi pé ó yá, àmọ́ ewu ni fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Láti 1977 ni òfin afẹ́fẹ́ Amẹ́ríkà ti ka á léèwọ̀ fún ẹni tó ń fi àtúnṣe ọkọ̀ ṣòwò láti yọ ohun èlò tó ń dín ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ kù tàbí láti sọ ọ́ di aláìwúlò. Ní 1990, wọ́n fẹ̀ ẹ́ débi tó fi kan gbogbo èèyàn.

Ohun tó máa ń da èèyàn rú ni pé California kì í ṣe àyẹ̀wò èéfín fún ọkọ̀ bẹntiróòlù ti ọdún 1975 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìyẹn ti fún àwọn láṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pé ẹnikẹ́ni kò yẹ ọkọ̀ wò kò túmọ̀ sí pé òfin tó ní kí wọ́n má yọ ọ́ ti kú. Ti ọkọ̀ 1976 sókè sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kọjá.

Iná ni ewu kejì. Bẹntiróòlù lè gbiná bó ti wù kí òtútù mú tó: ooru rẹ̀ ṣì lè gbiná ní nǹkan bí ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru náà bá tó ìdá kan àti ààbọ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó wà níbì kan, iná kékeré ti tó. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ó máa ń sùn sí ilẹ̀ àti sínú kòtò tí mẹkáníìkì ń dúró sí. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ yọ orí bátìrì, kó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá tàbí lọ irin nítòsí, kó sì gbé ohun ìpaná sítòsí. Wọn kì í jó tánkì tí wọn kò tí ì fọ̀ tán. Ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn fi ogún ọdún kọ́ lè lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tó kan àwọn tó ń lo tòkunbọ̀

Ìwọ̀nba ni irú Chevelle tàbí Charger yìí tí èèyàn lè rí ní Èkó tàbí Ìbàdàn, àmọ́ agolo rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ní agolo èédú kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ tiwọn láti ìparí àwọn ọdún 1990. Bí ooru epo bá ń jò, iná check engine á tàn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò sí i, ó lè gbé P0442 jáde, ìyẹn ibi kékeré kan ń jò, tàbí P0455, ìyẹn ibi ńlá kan ń jò.

Ẹ̀kọ́ ti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ níhìn-ín náà. Ìdérí tánkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí wọ́n kò bá dé e dáadáa, tàbí tí róbà rẹ̀ bá ti bàjẹ́, iná yẹn lè tàn. Ẹni tó bá gbà kí wọ́n yọ agolo dànù nítorí iná tó tàn ti lè fi owó ńlá wo àìsàn kékeré.

Àṣà kan tún wà tó yẹ kí àwọn onímọ́tò fi sílẹ̀: kí ẹni tó ń ta epo máa fún un sí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu pọ́ọ̀ǹbù bá ti dá ara rẹ̀ dúró, títí epo yóò fi dé ọ̀nà ọ̀fun. Epo tútù tó bá kún jù lè gba páìpù ooru lọ sínú agolo, kó sì ba èédú jẹ́. Kí ìjọba Nàìjíríà tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí May 2023, líta kan kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti kọjá 480 náírà, ó sì tún gòkè sí i lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta tó ń kó ọjà kò ní epo tó máa jẹ́ kó fò lọ mọ́.

Fún mẹkáníìkì tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun tó máa fi bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀: pọ́ọ̀ǹbù aláfọwọ́fà tó ní géèjì, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, róbà tí wọ́n ṣe fún epo, àti ìwé àtúnṣe ọkọ̀ tó bá ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ jù. Kó kọ owó àyẹ̀wò sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí oníbàárà rí i kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kó sì máa fi ohun tó yọ han oníbàárà, yálà ìdérí, róbà tàbí agolo, kó ṣàlàyé ohun tó ṣe é kó tó jù ú sínú garawa.